Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Nínú Mọ́ṣúárì

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì.

Bàbá Sikírù, tíṣà tí ẹ máa ń rán ṣòkòtò fún ní Ilo-Awela níbí ti kọ ìwé ìtàn nípa yín. Ó wá kà á fún mi lónìí, ó ń yọ̀ bí ẹni bímọ. Ó ní Ọ̀tà gan-an ló kọ. Nínú ìwé, ẹ sùn sí mọ́ṣúárì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí àwọn ọmọ lè ráyè jà sí ilé.

Mo ní, "Tíṣà, Mùsùlùmí lọkọ mi. Ó kú kí á tó kírun Àílà, a ti sin ín kí Aláásárì tó tó."

Ó rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ìtàn ni o! Tí ẹ bá tètè sin wọ́n báyẹn, ibo ni mo ti fẹ́ rí ìjà?"

Òpè! Ó ń kọ Ọ̀tà, kò mọ bí aládùúgbò rẹ̀ ṣe ń sin òkú. Mo ní kó yọ orúkọ yín kúrò.

Kò tiẹ̀ béèrè Sikírù ọmọ wa. Láti Ìjù ló ti ń sáré bọ̀ lọ́jọ́ náà, ọ̀nà dí pa ní Toll Gate. A ti bo yẹ̀ẹ̀pẹ̀ mọ́ yín kó tó dé. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Títí dòní ló ṣì ń bi mí bí ojú yín ṣe rí.