Líǹkì Tó Wọ Aṣọ Olè

Ọmọ mi àbíkẹ́yìn,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí ọmọ kékeré tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn rẹ lánàá. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run tó jí wa lónìí, kó má jẹ̀ẹ́ ká wá ara wa tì. Èmi náà wà láàyè. Orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ kó kúrò lára mi, ṣùgbọ́n mo ti bá a sọ̀rọ̀, ó sì ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀.

Ìdí tí mo fi mú bírò ni pé nígbà tí a sọ̀rọ̀ lórí fóònù lánàá, o ní o rò pé mo ń bínú sí ọ ni, èmi sì dá ọ lóhùn pé òjò ti rọ̀ níbí. Lẹ́yìn ìyẹn mo ní ó dàárọ̀, ní agogo méjì ọ̀sán, mo sì pa fóònù. Mo jókòó, mo ń bi ara mi pé irú ìdáhùn wo nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kún ẹnu mi, àmọ́ bí mo bá ti gbé nǹkan yẹn sétí, ńṣe ló máa ń dà bí ẹni pé èèyàn tò sẹ́yìn mi, tí wọ́n ń dúró kí n tètè ṣe tán. Bébà ò lé mi. Nítorí náà, fara balẹ̀ kí n rò ó fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí mi ò bínú sí ọ rárá. Olè ni mo pè ọ́.

Kí n tó débẹ̀, ilé dára. Ayálégbé yàrá iwájú ti kó lọ, nítorí náà èmi nìkan ni mo ń ṣílẹ̀kùn, èmi náà ni mo ń tì í. Iṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ yá mọ́, torí bí àgádágodo bá bà jẹ́ báyìí, tuntun ni wọ́n ń rà. Ẹni mẹ́ta ló yà sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn ń béèrè ọ̀nà ni. Mo júwe ọ̀nà náà fún un títí tó fi ní òun ti mọ̀ ọ́n, òun ti mọ̀ ọ́n. Mo ṣì ń fọ ife méjì láràárọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan ò dọ̀tí.

Ọ̀rọ̀ wa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí akọ̀wé báńkì pe gbogbo àwa àgbàlagbà jọ sínú gbọ̀ngàn ńlá. Wọ́n fún wa ní àga, wọ́n fún wa lómi tútù. Akọ̀wé náà ní àwọn olè ò gba ojú fèrèsé mọ́, inú fóònù ni wọ́n ń gbà wọlé. Ó ní wọ́n á fi líǹkì ránṣẹ́ síni, ìyẹn àwọn lẹ́tà búlúù gbọọrọ tí èèyàn ń fìka tẹ̀ kí nǹkan mìíràn lè ṣí. Ó ní bí líǹkì bá ti ń pariwo ẹ̀bùn, tó ń dárúkọ báńkì, tó ń ní ká yára, ká má fọwọ́ kàn án, kódà kó jẹ́ ọmọ bíbí inú wa ló fi ránṣẹ́, torí olè lè jí orúkọ ọmọ ẹni lò. Mo nawọ́ sókè, mo bi í pé bí mo bá ti fóònù mi mọ́nú àpótí, tí mo fi àgádágodo sí i, ṣé wọ́n á ṣì ríbi gbà. Ó ní ìbéèrè tó dára ni. Ó wá pe ẹlòmíràn.

Ẹ̀gbẹ́ mi ni aládùúgbò wa jókòó sí, onígíláàsì tó ń ṣe fèrèsé, tí a ń pè ní Ó-dára-bẹ́ẹ̀, torí pé kò sí ohun téèyàn máa sọ fún un tí kò ní fèsì pé ó dára bẹ́ẹ̀. Òun ti tẹ irú líǹkì yẹn rí, èyí tó sọ fún un pé ó ti jẹ ẹ̀bùn mọ́tò. Kó tó dalẹ́, báńkì rẹ̀ ti gbẹ. Ó ta fóònù náà, kò ní in mọ́ títí dòní. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó rí ekòló, á sá. Àwa méjèèjì jọ rìn dé ilé lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìyẹn ni líǹkì rẹ dé. Mo wọ awò ojú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sípẹ́lì rẹ̀. Ẹ̀bùn ọ̀fẹ́ wà níbẹ̀, báńkì wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ àṣírí wà níbẹ̀, yára kó tó pẹ́ wà níbẹ̀, fáírọ́ọ̀sì, ìyẹn àrùn inú fóònù, ló sì fi parí. Gbogbo ohun tí akọ̀wé kà sílẹ̀ fún wa ló pé síbẹ̀, bí ẹni pé òun gan-an ló kọ ọ́. Ìwọ wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, Bàbá, ẹ tẹ̀ ẹ́, inú yín á dùn. Ọmọ mi, olè wo ni kì í ṣèlérí ìdùnnú?

Mo ní wọ́n ti gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ mi. Mo jókòó, mo fi ìka kan ṣoṣo kọ̀wé sí olè náà. Mo ní, ìwọ olè, mo ti dá ọ mọ̀. Dá fóònù ọmọ mi padà fún un, kí o sì wá iṣẹ́ gidi ṣe. Bí o bá lè jókòó jẹ́ẹ́, èmi fúnra mi lè kọ́ ọ níṣẹ́ kọ́kọ́rọ́. Kò pẹ́ tí èsì fi dé, orí róbótó aláwọ̀ ìyeyè kan tó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo ní áà, ẹni yìí ò lójú àánú.

Mo gbé e lọ bá Ó-dára-bẹ́ẹ̀. Ó ní ká búlọ́ọ̀kù ẹ̀. Mo ní mo ní búlọ́ọ̀kù mẹ́ta lẹ́yìn ilé tó ṣẹ́ kù nígbà tí a mọ ògiri, mélòó ló máa tó. Ó ní rárá, inú fóònù ni búlọ́ọ̀kù ọ̀hún wà. Ó tẹ ibì kan, ó tẹ ibòmíràn, ó ní olè náà ò lè rí mi bá sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, fóònù dákẹ́. Èmi náà ò pe nọ́ńbà rẹ, torí mo gbà pé ọwọ́ olè ló wà. O mọ̀ pé aago mẹ́rin ọjọ́ Sunday lo máa ń pè mí. Mo gbé fóònù sórí tábìlì, mo fa àga sún mọ́ ọn, mo jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú. Sunday kejì, bákan náà. Ìgbà tó ṣe, mo tẹ nọ́ńbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páálí fóònù náà, obìnrin kan sì gbé e. Ọmọ dáadáa ni. Ó ní ìpè mi ṣe pàtàkì sí àwọn, ó ní kí n jọ̀wọ́ dúró. Mo kí i, mo béèrè àwọn ọmọ rẹ̀, mo sọ fún un pé mi ò gbúròó ọmọ mi. Ó ní ìpè mi ṣe pàtàkì sí àwọn. Mo pè é lẹ́ẹ̀mejì sí i lọ́sẹ̀ yẹn. Kò sí ọjọ́ tó kanra mọ́ mi.

Ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀ rárá, ní Sátidé àkọ́kọ́, mo ti wọkọ̀ lọ fẹjọ́ olè náà sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá tó wà ní ìlú tí ọkọ̀ ojú irin ń dúró sí lọ́hùn-ún. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. Níbi tí wọ́n ti kọ ohun tó sọnù, mo kọ ohùn ọmọ mi. Níbi tí wọ́n ti béèrè àwọ̀ rẹ̀, mo kọ ọ́ pé ó tinrín díẹ̀, ó sì máa ń já bó bá ń rẹ́rìn-ín. Ọlọ́pàá náà kà á, ó wò mí, ó ní Bàbá, kò sí àyè fún irú èyí nínú ìwé àwọn. Ó ní kí n máa lọ sílé, ọmọ máa ń dákẹ́ nígbà mìíràn. Bó ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni mo gbọ́ fèrè rélùwéè láti ẹ̀yìn ilé náà. Mi ò kà á sí.

Ọ̀sẹ̀ méje kọjá bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Monday tó kọjá yìí, fóònù náà kọ̀, kò gba iná mọ́. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń tún fóònù ṣe ní oríta. Nígbà tó tan, ó ní òun fẹ́ dán an wò, ló bá rí líǹkì rẹ, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kó má fọwọ́ kàn án. Ó ní Bàbá, ẹ̀fẹ̀ ni. Ó ní àwọn kan ló jókòó tí wọ́n ṣe ibì kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bí o bá gbé líǹkì tó dára fún wọn, wọ́n á bá ọ wọ aṣọ olè fún un, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ní yí padà. Ó ní àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà nígboro ló máa ń fi dẹ́rù ba ara wọn ní ọ́fíìsì, wọ́n á sì jọ rẹ́rìn-ín. Ó ní nígbà tí mo pè ọ́ ní olè, ó dájú pé o rò pé èmi náà ti ń bá ọ ṣeré ni.

Ọmọ mi, láti kékeré lo ti máa ń ṣe mí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ìyá rẹ máa ń fẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi lábẹ́ tábìlì, kí n lè mọ̀ pé eré ni. Láti ìgbà tó ti lọ, kò sẹ́ni tó ń tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.

Obìnrin náà tẹ líǹkì náà. Fídíò ni. Ìwọ àti ọmọ rẹ ni mo rí. O ní rélùwéè yín máa dúró fún ogójì ìṣẹ́jú ní ibùdó tó sún mọ́ wa ní Sátidé, kí n wá pàdé yín, kí n wá rí ọmọ. Ọmọ náà wá sún mọ́ iwájú, ó ní ṣé Bàbá àgbà máa dá òun mọ̀. Ó ń wò mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, màá dá ọ mọ̀. Obìnrin náà rọra sọ fún mi pé kò lè gbọ́ mi níbẹ̀. Mo ní mo mọ̀, mo sì tún sọ ọ́.

Sátidé yẹn náà ni, ọmọ mi. Ògiri kan ló wà láàárín àgọ́ ọlọ́pàá àti ibùdókọ̀ ojú irin. Ìwọ ń wò mí lọ́nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èmi ń kọ fọ́ọ̀mù nítorí rẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Ìyẹn ni mo fẹ́ sọ fún ọ lánàá tí mo fi sọ ti òjò. Mo wá ọ. Ibi tí mo ti wá ọ ni kò tọ́.

Obìnrin náà ti gbé búlọ́ọ̀kù kúrò. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, ó ní kí n kàn pè ọ́.

Nísinsìnyí, mo bẹ̀ ọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí o sì fi díẹ̀ lé e kí n fi pààrọ̀ gíláàsì awò mi, torí mo fẹ́ rí ọmọ yẹn dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mẹta lo ti ní kí n wá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ̀, tí mo ní ta ló máa ṣọ́lé. Mo ti yẹ ilé wò láti yàrá dé yàrá. Kò sí ohun tí olè máa rí gbé níbẹ̀.

Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ pé mo ti rìnrìn àjò lọ sọ́dọ̀ ọmọ mi. Àwọn tó ń kọjá ń kí mi pé ó dàbọ̀, èmi náà ń dá wọn lóhùn láti ojú fèrèsé. Nítorí náà, má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́.

Ọlọ́run á tọ́jú rẹ fún mi, á tọ́jú èmi náà fún ọ. Ọ̀nà tí a máa gbà pàdé kò ní dí mọ́ wa. Àṣẹ.

Èmi ni bàbá rẹ.