Yẹ́lò Lájídé àti Ọgbà Iṣu Mi

                                        Ilé Bámgbóṣé,
                                        Òdòlú, Kàbbà.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kejì, 2025.

Andrew, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Okun o. Ṣé ara le? Ìyá Dámilọ́lá ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti ń jẹ́ kó rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì? Ọyẹ́ Ìlọrin kò mú yín jù? Àwa náà wà. Tabitha ìyàwó mi ló ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí o mọ̀ pé oko bàbá mi ni ilé ìwé mi. Ó ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Lájídé ni, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi. O mọ̀ pé lọ́dọọdún, kí a tó gbin iṣu, àwọn àgbẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń yan ẹni tí yóò kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dáko. Bàbá mi ni wọ́n ń yàn, lẹ́yìn rẹ̀, èmi. Lọ́dún yìí, Lájídé ni! Lájídé tí iṣu rẹ̀ èṣí kò ju ọwọ́ ọmọdé lọ! Wọ́n ní ó ń ka ìwé iṣu nínú fóònù. Ibi tó bá dùn mọ́ ọn, á fi yẹ́lò kùn ún, á sì kó o sínú áàpù kan tó ń bá a tọ́jú ọ̀rọ̀. Bí o bá ti bi í léèrè, ọwọ́ rẹ̀ á ti dé àpò.

Mi ò lè jẹun, Andrew. Mo lọ bá a nílé, mo ní, “Tíṣà, báwo ni ìwé rẹ ṣe ní ká gé èbù tí a ó gbìn?” Ó fa fóònù sókè, ó fà á sílẹ̀, kò rí i. Yẹ́lò ni gbogbo rẹ̀! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kun ìwé náà tán. Inú mi dùn dé ẹ̀yìn.

Mo ní, “Ṣé gbogbo iṣu oko ni o fẹ́ fi ṣe èbù ni? Kí lo máa wá jẹ?”

Ó ní, “Bámgbóṣé, fi yẹ̀yẹ́ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ìwọ ńkọ́?”

Ẹnu mi yìí, Andrew! Mo sọ fún un pé nínú ọgbà iṣu, níbi tí a ń kó iṣu pamọ́ sí, a kì í fi oko tí iṣu ti wá tò ó. Iṣẹ́ tí a fẹ́ fi í ṣe la fi ń tò ó. Kí òun náà to ọ̀rọ̀ inú fóònù rẹ̀ bẹ́ẹ̀: ti ebè lọ́tọ̀, ti èbù lọ́tọ̀, ti kòkòrò lọ́tọ̀. Kí ó sì máa padà yẹ̀ ẹ́ wò, bí a ti ń fọwọ́ kan iṣu láti yọ èyí tó rà. Ọ̀rọ̀ tí kò bá tíì dán wò lóko, kó yọ ọ́ dànù.

Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Sátidé tó kọ́ àwọn àgbẹ̀ tuntun, ọ̀rọ̀ ń dà lẹ́nu rẹ̀ bí omi. Ó ní òun to ìmọ̀ òun bí ọgbà iṣu, wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Kò dárúkọ mi. Ẹni tó kọ ọgọ́rùn-ún ebè tó pè é ní igba, o mọ bó ṣe máa ń parí.

Nítorí náà, bí o bá ka lẹ́tà yìí, gba bírò Dámilọ́lá, kí o fi àwọ̀ kun ibi tí ọgbà iṣu mi ti kọ́ tíṣà lẹ́kọ̀ọ́. Ibi tí mo ti ń jowú, má kùn ún. Tabitha ní bí o bá yọ ìyẹn kúrò, ìkíni nìkan ló máa kù.

Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni tìrẹ, tíṣà tí kò ní fóònù,
Bámgbóṣé.