Ọba Tó Wà Lórúnkún Mi

Ìyá mi,

Ara mi le, ẹ má dààmú. Ọmọ àlè làwọn ọlọ̀tẹ̀ Amẹ́ríkà tá à ń bá jà yìí. Wọ́n wó ère ọba wa, ọba Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n fi òjé ṣe ní New York, wọ́n yọ́ ọ, wọ́n fi ṣe ọta ìbọn. Ọ̀kan bà mí lórúnkún. Dókítà wa ń fi mí rẹ́rìn-ín: "Enoch, ìwọ tó ò ń pariwo pé o fẹ́ rí ọba, kábíyèsí ló fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wá bá ẹ yìí."

Mo ní, "Ẹ yọ ọ́ sọnù. Òun náà ló rán mi wá."

Ẹ bá mi kí Amos, àbúrò mi. Bí àwọn tó ń wá ọmọ ogun fún ọba bá dé abúlé, kó sá wọ oko.

Ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ ń hun fún mi, ẹ má hun ìkejì.

Enoch