Bébà Owó Tíṣà Òkè Òkun

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Inú ń bí mi, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ọkọ mi, Bàbá Dúpẹ́, mú bébà kan bọ̀ láti ilé ìwé tó ti ń ṣe tíṣà n'Íjan lónìí. Owó tí wọ́n ń san fún tíṣà girama ní Jámánì, Kánádà àtàwọn ìlú òyìnbó mìíràn ló wà níbẹ̀, wọ́n ti ṣẹ́ ẹ sí náírà. Nàìjíríà ò tiẹ̀ sí nínú ẹ̀. Àwọn tíṣà ló fi báírò kọ tiwa sísàlẹ̀.

Ó ní mẹ́ta nínú wọn ti lọ ṣe pásípọ́ọ̀tù. "Owó oṣù kan rèé, Màmá Dúpẹ́."

Mo gbà á wò. Èmi tó jẹ́ pé ìdí máṣìnnì ìránṣọ ni mo ti kọ́ ara mi níwèé, èmi ni mo rí i pé owó ọdún ni.

"Gbogbo yín tẹ́ ẹ ní dìgírì, ẹ ò rí i pé ọdún ni wọ́n kọ sókè yẹn? Ẹ̀yin náà lẹ ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ?"

Mo fi fóònù pín ti Jámánì sọ́nà méjìlá, kí n lè fi ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa. Mo tún un pín. Owó oṣù kan ti Jámánì ṣì ju owó ọdún kan tiẹ̀ lọ.

Ó rọra bi mí pé, "Ṣé kí n lọ?"

Àwọn tó ń san ìsánkúsan yìí ló yẹ kí n bú, ọkọ mi ni mo wá ń bú. Mo fẹ́ ní kó má lọ, àmọ́ ẹnu mi ò gbé e. Mo ní ẹ jẹ́ kí n lọ wo ẹ̀wà tó wà lórí iná.

Mi ò gbé ẹ̀wà kankan kaná.