Ẹ Tẹ Ìka Yín Sórí Ìwé Ráṣídì

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Láti Ìlárá Rẹ́mọ ni mo ti dọ̀bálẹ̀ kí yín. Orúnkún kò gbà fún mi bíi ti àtijọ́ mọ́, ṣùgbọ́n ẹ gbà pé mo dọ̀bálẹ̀. Àbúrò bàbá mi ni yín, ẹ̀yin lẹ sì tọ́ mi láti ìgbà tí ìyá tó bí mi ti kú, nítorí náà n kò mọ ìyá mìíràn. Mo kí baálé wa. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Búráímọ̀ àti àwọn ìyàwó rẹ̀. Mo kí gbogbo ìyàwó ilé, mo kí àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn tí mo ti kúrò ní Ṣakí, tí wọn kò mọ̀ mí àfi lẹ́nu. Ẹ kú òjò. Bí tiyín kò bá tíì dé, tiwa níbí ti rọ̀ títí ó fi sú wa. Ẹ̀gẹ́ ń rà nínú ilẹ̀ kí a tó wà á.

Tíṣà tó ń gbé yàrá kejì sí tèmi ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Mo ní kó kọ ohun tí mo bá sọ. Ẹni tó bá kà á fún yín, kó má kà á nínú yàrá. Kí ó kà á ní ìta, létí gbogbo ilé, torí gbogbo ilé ló ránṣẹ́ sí mi. Mo sì ní kí tíṣà fún àwọn oníwèé ìròyìn ní ẹ̀dà kan. Èmi nìkan kọ́ ni bàbá tí irú èyí bá.

Iṣẹ́ yín dé ọ̀dọ̀ mi. Búráímọ̀ jẹ́ ẹ lórí fóònù. Ó ní ẹ ní n kò gbọdọ̀ gba owó ìjọba lórí ikú Ráṣídì. Ó ní ẹ ní owó orí ọmọ ni, pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi ni mo fẹ́ tà. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ ilé wa dó, bàbá kan kò jogún ọmọ rẹ̀ rí. Ó wá ní ẹ ní ẹ kò ní tẹ ìka sórí ìwé kankan. Mo gbọ́. Mo pa fóònù, torí Búráímọ̀ jù mí lọ, n kò fẹ́ sọ ohun tó wá sí mi lẹ́nu. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ dá lóhùn.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ lébìrà oko ló gbé mi wá sí Rẹ́mọ nígbà tí n kò tíì ní irùngbọ̀n. Mo ní ọdún méjì ni mo máa lò. Mo ti di arúgbó síbẹ̀. Oko obì ẹlòmíràn ni mo ń ro, mo sì ní ẹ̀gẹ́ tèmi lọ́nà Akaka. N kò lè gun igi obì mọ́. Ìsàlẹ̀ ni mo ń dúró, mò ń ṣa èyí tí àwọn ọ̀dọ́ bá já. Àwọn ará ibí kò ṣe mí ní ibi. Bí wọ́n bá sọ èdè Rẹ́mọ wọn tó jinlẹ̀, mo ṣì máa ń ní kí wọ́n tún un sọ, wọ́n á wá fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé pẹ̀lú gbogbo ọdún yìí, ará òkè ṣì ni mí. Láti ìgbà tí ìyá Ráṣídì ti kú, èmi nìkan ni mo ń gbé. Bí mo bá tẹ ẹ̀bà, ó máa ń pọ̀ jù. Ọwọ́ mi kò tíì mọ ìwọ̀n ẹnì kan.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí Ráṣídì ṣe kú, torí n kò tíì sọ ọ́ délẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nílé.

Iṣẹ́ panápaná ló ń ṣe ní Ṣàgámù. Lọ́jọ́ náà, iná ràn mọ́ ilé kan tí wọ́n ń kó obì sí. Ilé amọ̀ àtijọ́ ni, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n kàn fi rẹ́ ojú rẹ̀. Obìnrin kan ń ké pé ìyá òun wà nínú ilé. Ráṣídì àti ẹnìkejì rẹ̀ tó ń jẹ́ Débọ̀ wọlé lọ. Wọ́n wá ìyá náà láti yàrá dé yàrá, wọn kò rí i. Omi tí wọ́n fi ń pa iná ti rin ògiri náà gbingbin. Bí wọ́n ṣe ń jáde bọ̀, ògiri wó. Ó wó lu Débọ̀ lẹ́sẹ̀. Ráṣídì ló wó bò mọ́lẹ̀ pátápátá. Ìyá tí wọ́n ń wá wà ní mọ́ṣáláṣí, ó ń kírun ọ̀sán. N kò bá ìyá náà jà. Ó wá kí mi, ó sunkún débi pé èmi ni mo ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Wọ́n gbé Ráṣídì dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní ẹ̀mí ti bọ́. Ẹ mọ bí àwa Mùsùlùmí ti ń ṣe. Wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀ kíá, wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n kírun sí i lára, kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin ín. Kò sẹ́ni tó gba ìwé lọ́wọ́ dókítà. Èmi gan-an ni mo ń pariwo lórí fóònù láti Ìlárá pé kí wọ́n yára, kí wọ́n má dúró de nǹkan kan, òkú ọmọ mi kò gbọdọ̀ sùn síta. Àṣìṣe mi nìyẹn. N kò dì í ru ẹlòmíràn.

N kò lọ síbi ìsìnkú. Bàbá kì í sin ọmọ, bàbá kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Lọ́wọ́ yín ni mo ti kọ́ ọ. Nígbà tí Sàlámátù ọmọ yín kú, mo rí yín bí ẹ ṣe jókòó lórí ẹní, tí ẹ kọjú sí ògiri, títí àwọn tó lọ sin ín fi fọ ọwọ́ wọn. Títí dòní, ẹ kò bèèrè ibi tó sùn sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo jókòó.

Ìjọba ní òfin pé bí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá kú sẹ́nu iṣẹ́, àwọn yóò fún àwọn tó fi sílẹ̀ ní nǹkan, bó bá sì ṣèṣe, àwọn yóò tọ́jú rẹ̀. Ìyàwó Ráṣídì, Sìdíkátù, lọ sí ọ́fíìsì wọn. Wọ́n ní orúkọ rẹ̀ kọ́ ló wà nínú ìwé. Nígbà tí Ráṣídì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò tíì láya, orúkọ mi ló kọ sílẹ̀, kò sì rántí yí i padà. Ìdí tó fi kàn mí nìyẹn. Bí n kò bá lọ, kò sí ẹni tó lè lọ.

Mo lọ. Akọ̀wé tó jókòó nídìí tábìlì kò rí mi fín. Baba ni ó ń pè mí nígbà gbogbo, ìgbà gbogbo náà ló sì ń bèèrè ìwé mìíràn. Ó bèèrè ìwé dókítà, mo ní a kò gbà á. Ó ní báwo wá ni òun ṣe fẹ́ mọ̀ pé Ráṣídì kú. Mo ní bí kò bá kú, kí ó bá mi pè é wá, èmi náà ń wá a. Ó tẹrí ba. Lẹ́yìn náà ló yí ìwé ńlá kan sí Débọ̀ tó bá mi wá, Débọ̀ kà á fún mi. Ìyá mi, nínú ìwé wọn, Ráṣídì kò kú. Wọ́n kọ ọ́ pé kò wá síbi iṣẹ́ mọ́, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹni tó sá.

Débọ̀ ló ń bá mi lọ káàkiri. Wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún lókè orúnkún, igi méjì ló fi ń rìn. Ọ̀kadà tó ní ló tà láti fi san owó ilé ìwòsàn, òun náà sì ń retí ohun tí òfin ní kí wọ́n fún un. Nígbà tí a wọ ọkọ̀ láti Ìkẹ́nnẹ́ lọ sí Ṣàgámù, ó ní kí onímọ́tò gba ìlàjì lọ́wọ́ òun, ó ṣe tán, ẹsẹ̀ kan ni òun gbé wọ ọkọ̀. Onímọ́tò ní ìdí ni òun ń gba owó rẹ̀, òun kò gba ti ẹsẹ̀ rí, kí ó jọ̀ọ́ kí ó jókòó. Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ó pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, Débọ̀ ní Baba, ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n fẹ́ kó sú wa ni? Mo ní mo mọ̀. Mo ní ẹni tó ti fi ọwọ́ ro oko ẹlòmíràn láti kékeré, nǹkan kì í tètè sú u.

Nígbà tó pẹ́, akọ̀wé ní níwọ̀n ìgbà tí kò sí ìwé dókítà, nǹkan mẹ́ta ni òun lè fi dípò rẹ̀. Kí lèmọ́mù tó sin ín kọ̀wé. Kí èmi tí orúkọ mi wà nínú ìwé dúró níbi ojú oórì náà, kí wọ́n ya fọ́tò. Kí ẹni tó dàgbà jù nílé wa, ìyẹn ẹ̀yin, tẹ ìka sórí ìwé pé ọmọ wa ni Ráṣídì, pé ó ti kú. Mo ní kí ẹlòmíràn dúró fún mi níbi ojú oórì. Ó ní bí ẹlòmíràn bá dúró, orúkọ ẹni náà ni yóò wọ ìwé, a ó sì tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀.

Lèmọ́mù kọ̀wé. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo lọ sí ojú oórì.

Ẹ má pariwo. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń kà á kà á tán.

Lèmọ́mù ló fi ibẹ̀ hàn mí. Kò sí orúkọ lórí rẹ̀, koríko ti bò ó. Mo dúró. Akọ̀wé ya fọ́tò pẹ̀lú fóònù rẹ̀, ó wò ó, ó ní mo gbé ojú kúrò, pé ọ́fíìsì kò ní gbà á, kí n wo ibi tí ọmọ wà. A tún un yà. Mo wò ó. Lẹ́yìn náà, mo lóṣòó, mo fa koríko náà tu, torí àgbẹ̀ ni mí, n kò mọ nǹkan mìíràn tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe. Akọ̀wé kò sọ fún mi pé kí n yára. Ó jókòó sílẹ̀ lórí òkúta, ó ń wo ibòmíràn.

Ohun tí ẹ ní bàbá kò gbọdọ̀ ṣe, mo ti ṣe é. Mo ti mọ ibi tí ọmọ mi sùn, n kò sì lè mọ́ọ̀mọ̀ gbàgbé rẹ̀ mọ́. Mo ti san ìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí n san án lásán.

Ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ni mo ń tà. Rárá o. Bí mo bá pa ìwé yìí tì, ẹ̀jẹ̀ Ráṣídì kò ní padà, ẹnikẹ́ni kò sì ní sunkún lọ́fíìsì. Wọ́n á pa fáìlì dé, wọ́n á lọ jẹun ọ̀sán. Kọ́bọ̀ kan nínú owó náà kò ní gba ọ̀fun mi kọjá. Gàrí mi ni mò ń jẹ. Ti Sìdíkátù ni, tó ń fọ aṣọ fún àwọn ènìyàn pẹ̀lú oyún nínú. Ti Ànífátù ọmọ rẹ̀ ni, tó ṣì ń bá bàbá rẹ̀ fi oúnjẹ sílẹ̀ sábẹ́ ìdérí. Mo wá bi yín, ṣé owó orí ni kí ọmọ jẹun nínú òógùn bàbá rẹ̀?

Ká tilẹ̀ sọ pé wọn kò ní fún wa ní kọ́bọ̀, mo ṣì máa lọ. Ilé wa kì í bí ojo. Ọmọ tó wọ inú iná nítorí ìyá ẹlòmíràn, kò ní wà nínú ìwé ìjọba bí ẹni tó sá lẹ́nu iṣẹ́, nígbà tí èmi wà láyé, tí ẹ̀yin náà wà láyé.

Awakọ̀ tó ń kó iṣu wá sí Ṣàgámù ló mú ìwé tí ẹ ó tẹ ìka sí bọ̀, pẹ̀lú tàdáwà nínú agolo kékeré. Yóò sùn ní Ṣakí mọ́jú Ọjọ́ Ajé, yóò sì ṣí lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Bó bá padà láìsí ìka yín níbẹ̀, èmi ni yóò gbé bọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Màá jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá yín, n kò ní jẹ, n kò ní mu, n kò sì ní bá yín jà. Ẹ mọ̀ mí. Ẹ̀yin lẹ tọ́ mi.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa. Yóò fún yín ní oorun àti ara líle. N kò lè gbàdúrà pé kí ẹ má rí ikú ọmọ. Ẹ ti rí i, èmi náà ti rí i. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a rí òmíràn. Kí Ó bá wa sọ ti Sìdíkátù kalẹ̀ láyọ̀. Ẹ bá mi kí àwọn ará àdúgbò, ẹ bá mi kí ẹni tó bá ṣì rántí mi. Ẹ bá mi bẹ Búráímọ̀ kó má bínú.

Àtàǹpàkò ọ̀tún ni kí ẹ lò, ìyá mi. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kó wọlé dáadáa, kó hàn.

Èmi ni ọmọ yín,
Làmídì, bàbá Ráṣídì.