Nọ́ńbà Bọ̀ọ̀dá Austin

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kejì, 2019
Mo ti gbé ìjà yìí, mi ò sì ní sọ ọ́ kalẹ̀. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Ìlú Ọba ti ń yọ owó orí nínú owó ìfẹ̀yìntì Bọ̀ọ̀dá Festy, ẹ̀gbọ́n mi, kó tó dé ọ̀dọ̀ wa ní Mayo níbí. Ìjọba Ireland náà tún ń gba tiwọn lórí owó kan náà. Fọ́ọ̀mù wà tí a fi lè gbà á padà. Àmọ́ Baálẹ̀ Orí-Àga (orúkọ tí mo fún un nìyẹn, torí kì í dìde nídìí iná) ní kí n fi wọ́n sílẹ̀. Mo ní ẹ̀tọ́ yín ni, ẹ jẹ́ ká fi tún ojú yín ṣe. Ojú ọ̀hún ti ṣú, kò lè kàwé mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 7
Mo yọ ọ́ lẹ́nu títí ó fi gbà. Kò fi ìwé kankan hàn mí. Nọ́ńbà tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n ní Ìlú Ọba, orí ló ti kà á fún mi, wuruwuru, bí ẹni ń ka àdúrà. Àpótí ìwé rẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fi kọ́kọ́rọ́ tì í pa. Ahun!

Ọjọ́rú, 13
Fọ́ọ̀mù ti lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 22
Àwọn Onífọ́ọ̀mù fèsì. Ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí: Ọ̀gbẹ́ni Austin Padden.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní orúkọ tí mo kọ kò bá nọ́ńbà mu, àwọn ti bá wa tún un ṣe. Kí Ọ̀gbẹ́ni Austin fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí kan sì jẹ́rìí pé ó wà láàyè.

Austin. Àkọ́bí ilé wa. Ọdún 1961 ló lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ gbẹ́lẹ̀. Festy lọ bá a lẹ́yìn náà, àmọ́ ó ní àwọn pínyà, òun ò mọ ibi tó wọlé sí. Àjíǹde 1973 la rí lẹ́tà rẹ̀ kẹ́yìn. Láti ìgbà náà, àpòòwé owó nìkan ni lọ́dọọdún, nígbà Kérésì, orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn, kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú. Gbogbo alẹ́ ọjọ́ tí Kérésì bá ku ọ̀la ni Màmá ń tan àbẹ́là fún un lójú fèrèsé, títí wọ́n fi kú ní 1988. Kò wá sin wọ́n, àpòòwé náà sì dáwọ́ dúró. Mo ti bínú sí i títí ó ti rẹ̀ mí.

Ó wà láàyè! Nọ́ńbà àwọn méjèèjì ni wọ́n dàpọ̀, ó dájú. Ọlọ́run ṣeun tí wọ́n dà á pọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 25
Mo pè wọ́n. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi gbọ́ orin wọn. Ọmọbìnrin kan wá gbé e: owó Ọ̀gbẹ́ni Austin ń wọlé lóṣooṣù, kò sí wàhálà, Mà. Mo ní kó fún mi ní àdírẹ́sì rẹ̀. Ó ní òun ò lè ṣe é. Mo ní, ọmọ mi, ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta! Ó ní, ẹ kọ lẹ́tà, Mà, a óò bá yín fi jíṣẹ́.

Mo sunkún, mo tún rẹ́rìn-ín, èmi arúgbó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26
Ojú ewé mẹ́rin ni mo kọ sí Austin. Èébú ni méjì àkọ́kọ́ — mo ya wọ́n. Mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì yàrá ẹ̀yìn. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, yóò fẹ́ ibi tó móoru.

Festy kò jẹun. Mo bi í bóyá ó ń jowú ni. Ó kọjú sí iná.

Ọjọ́rú, 27
Ààbọ̀ ẹyin ló jẹ.

Ọjọ́ Ẹtì, 1 oṣù Kẹta
Mo wọ ẹ̀wù òtútù, lẹ́tà lọ́wọ́, mo ń lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Baálẹ̀ dìde. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Má fi ránṣẹ́, Winnie. Kò sẹ́ni tó máa kà á."

Ó ní oṣù Kẹfà 1973 ni ilẹ̀ ya lu Austin nínú kòtò tí àwọn méjèèjì jọ ń gbẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọwọ́ lásán lòun fi wú u jáde. Nígbà yẹn, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa kì í fi orúkọ gidi ṣiṣẹ́, kí àwọn agbowó orí má baà mọ̀ wọ́n. Orúkọ ayédèrú yẹn ni wọ́n fi sin ín. Káàdì iṣẹ́ rẹ̀ gidi, èyí tó ní nọ́ńbà yẹn, wà lábẹ́ ìrọ̀rí nínú yàrá tí àwọn méjèèjì jọ ń gbé. Festy ò ní káàdì kankan. Ló bá mú un, ló bá ń jẹ́ Austin lẹ́nu iṣẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún.

Màmá ńkọ́? Ó ní àìsàn ọkàn ń ṣe wọ́n nígbà yẹn, òun ní tí ara wọn bá yá, òun á sọ. Ara wọn ò yá. Òun ló ń fi àpòòwé Kérésì ránṣẹ́. Ó ní tí owó bá dáwọ́ dúró, wọ́n á mọ̀.

Mo gbá a létí. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Kò yẹra.

Ọjọ́ Àìkú, 3
Mo se oúnjẹ ẹnì kan. Nígbà tó yá mo tún dìde se tirẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5
Fọ́ọ̀mù wà lórí tábìlì. Ó ní bí mo bá fẹ́, òun á fọwọ́ sí i: "Orúkọ rẹ̀ ti mọ́ mi lọ́wọ́." Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bí mo bá sọ òótọ́, owó náà tán nìyẹn, wọ́n sì lè ní ká pọ èyí tó ti jẹ. Ojú rẹ̀ á sì ṣú pátápátá.

Mo ní, kí lẹ fẹ́ gan-an?

Ó ní kí wọ́n gbàdúrà fún Austin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀ẹ̀kan péré.

Ọjọ́bọ̀, 7
Mo kọ ọ́ sí wọn: Austin Padden kú ní oṣù Kẹfà, 1973. Festy fọwọ́ sí i, orúkọ ara rẹ̀ ló kọ.

Mo pe rédíò tó ń ka orúkọ òkú agbègbè wa láràárọ̀. Wọ́n ní ìgbà wo ló kú? Mo sọ. Ọmọ náà ní, "Ẹ kú ìrọ́jú, Mà. Ṣé ilé lẹ ti máa gba àlejò?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́ta.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9
Fádà gbàdúrà fún Austin ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀. Mo rò pé kò sẹ́ni tó máa wá sílé. Ta ni yóò wá bá wa kẹ́dùn òkú ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta?

Kí aago mẹ́rin tó lù, ọkọ̀ àwọn àlejò ti tò láti ẹnu ọ̀nà wa dé orí afárá. Búrẹ́dì, ẹran ẹlẹ́dẹ̀, kéèkì. Wọ́n tò, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń bọ Festy lọ́wọ́ lórí àga rẹ̀: ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àfẹ́kù ẹ̀gbọ́n yín. Baba Ginnelly dé pẹ̀lú ọ̀pá méjì, ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, òun àti Austin ló jọ wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1961. Ó ní, "Austin! Ó mọ ilẹ̀ ẹ́ gbẹ́, àmọ́ tó bá ń kọrin, gbogbo wa la máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́."

Festy bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di ẹkún. Ó di ọwọ́ Baba Ginnelly mú, kò jẹ́ kó lọ, ó ń pe Austin, Austin, kíkan kíkan, gbogbo ilé sì jẹ́ kó máa pè é.