Kí Odò Fọ Ẹnu Ná

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Òjò ti rọ̀. Mo mọ̀ pé ìyẹn ni ẹ ó kọ́kọ́ béèrè, ìdí nìyí tí mo fi sọ ọ́ ṣáájú ìkíni. Níjẹrin ló rọ̀. Kì í ṣe òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ayé ìgbà yín, tó máa ń rọ̀ díẹ̀, tí á dá, tí á tún padà wá bí àlejò tó gbàgbé fìlà. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló já lulẹ̀, ó sì ṣí páànù ilé ìdáná Màámi lọ sínú oko kòkó. Nígbà tí mo fi máa dé oko wa lọ́nà Ìsẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, odò ti ń ṣàn. Omi náà dúdú, Bàbá. Ó ń hó, ó sì ń rùn.

Etí adágún ẹja yín ni mo jókòó sí tí mo ń kọ ìwé yìí, lórí òkúta tí ẹ máa ń gbé bàtà rọ́bà yín lé. Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò ní ẹlòmíràn tí mo lè bi ní ìbéèrè.

Ẹ ò rí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yìí. Nígbà ọyẹ́ tí ẹ lọ, omi ṣì wà nínú ibú tó wà lẹ́bàá afárá, ibú tí èmi ò rí kó gbẹ rí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ó gbẹ. Ó gbẹ débi pé àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀, àwọn ewúrẹ́ sì ń sùn síbi tí ẹ ti máa ń na àwọ̀n. Wọ́n ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ á gbẹ. Odò tiwa ò gbàgbé ẹnikẹ́ni, ó sì gbẹ. Mo ń pọn omi kànga sínú adágún títí kànga náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í fún wa ní ẹrẹ̀. Ní báyìí, omi adágún ò dé orúnkún mi. Ẹ̀yìn àwọn epìyà ń yọ síta bí wọ́n ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, àràárọ̀ ni mo sì ń ṣa òkú.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń ṣe láàárọ̀? Orín á wà lẹ́nu yín, ọmọ tó bá kí yín, ọwọ́ lẹ máa na sókè sí i, pé kó dúró. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan láàrin yín àti ọmọ aráyé kí ẹ tó fọ ẹnu. Màámi máa ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ilé bá ń jó, ẹ ó kọ́kọ́ bu omi fọ ẹnu ná. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe ń ṣe sí odò. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, tí odò jí lójú oorun ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ò ní kó àwọn àpò iyanrìn kúrò lójú ọ̀nà omi tí ẹ gbẹ́ wọ adágún. Ẹ ó ní kí odò fọ ẹnu ná. Omi àkọ́kọ́ yẹn gbọ́dọ̀ kọjá lọ.

Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu odò náà, Bàbá. Ohun tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìkẹ́rẹ́ nìyẹn. Àwọn kòkòrò kan wà nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò tí ojú lásán ò lè rí. Àwọn ló ń jẹ ewé tó jábọ́ àti ìgbẹ́ ewúrẹ́, tí wọ́n ń sọ ọ́ di ọ̀rá tí koríko àti ẹja fi ń dàgbà. Bí odò bá gbẹ, ọ̀pọ̀ nínú wọn á kú, àwọn tó kù á ká jọ, wọ́n á sùn sínú eruku. Ewé á máa já lé wọn lórí, kò ní sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́. Bí òjò bá wá rọ̀, gbogbo wọn á jí pẹ̀lú ebi. Wọ́n á jẹ ewé, wọ́n á jẹ òkú ẹgbẹ́ wọn, wọ́n á sì máa mí. Atẹ́gùn inú omi tó yẹ kí ẹja mí, wọ́n á mí i tán. Bẹ́ẹ̀ omi dúdú yìí kan náà ló gbé ọ̀rá gbogbo ọdún dání. Ẹni tó bá gbà á wọlé láìtó àsìkò, ẹja rẹ̀ á kú. Ẹni tó bá pẹ́ jù, ọ̀rá ti bá tirẹ̀ lọ. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ọ̀rọ̀ wa ò yàtọ̀, ẹ̀yin pẹ̀lú orín yín, èmi pẹ̀lú ìwé mi. Ohun tí kò sí nínú èyíkéyìí nínú wọn ni bí ó ṣe máa pẹ́ tó kí ẹnu tó rùn tó báyìí tó mọ́. Kí ló dé tí ẹ ò sọ ìyẹn fún mi? Àbí ẹ sọ ọ́ ní ọjọ́ tí mo wà l'Ékòó, tí mò ń sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára?

Bàbá Jídé tí adágún tirẹ̀ wà nísàlẹ̀ ò lè dúró. Níjẹta ló ṣí ọ̀nà omi tirẹ̀. Nígbà tí mo máa dé ibẹ̀ lánàá, agbọ̀n ló fi ń kó òkú ẹja. Ó kí mi, ó béèrè àlàáfíà Màámi. Ọwọ́ rẹ̀ ò dúró lórí iṣẹ́ náà títí mo fi kọjá.

Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan, ẹ má bínú. Láti ìgbà ọyẹ́ ni àwọn kòkòrò yẹn ti sùn sínú eruku. Ìgbà ọyẹ́ náà la sin yín sẹ́yìn ilé. Òjò kan náà ló rọ̀ lé wọn lórí tó rọ̀ lé yín lórí. Kí n tó wá sódò níjẹta, ojú oórì yín ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo dúró níbẹ̀ títí ẹsẹ̀ mi fi rì sínú ilẹ̀ rírọ̀. Kí ló dé tí wọ́n jí, tí ẹ̀yin ò jí? Mo mọ ìdáhùn rẹ̀, èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mi ò kàn lè gbà á ni.

Ẹja yìí nìkan ni Màámi ń bá sọ̀rọ̀ báyìí. Bí mo bá bi í ní nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ń fi dá mi lóhùn. Àmọ́ ní ìrọ̀lẹ́, á wá da oúnjẹ fún wọn, á dúró, á sì máa ròyìn gbogbo ọjọ́ náà fún wọn bó ṣe máa ń ròyìn rẹ̀ fún yín. Bí wọ́n bá kú tán, ta ni yóò máa bá sọ ọ́? Ìdí rèé tí mi ò fi lè sùn.

Mo ti ṣe bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Mo mú epìyà kan, mo fi sínú ìgèrè yín, mo so ẹnu rẹ̀, mo rì í sínú odò di ọjọ́ kejì. Bó bá wà láàyè, ká ṣí omi. Bó bá kú, ká dúró. Ti àkọ́kọ́ kú. Lánàá, mo tún fi òmíràn sí i.

Láàárọ̀ yìí, mo gbé ìgèrè náà sókè, ó ṣófo. Okùn ẹnu rẹ̀ ti tú. Kò sí ẹja, kò sí òkú ẹja. Bóyá ó yè, ó bá tirẹ̀ lọ. Bóyá ó kú, tí alákàn jẹ ẹ́. Bóyá èmi ni mi ò so ó le. Ẹ̀yin lẹ máa ń wo inú ìgèrè, ẹ ó wá mi orí sí mi, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn, Bàbá. Mo wò ó bóyá ẹnì kan máa mi orí sí mi.

Mo bu omi odò sí àtẹ́lẹwọ́, mo gbóòórùn rẹ̀. Ó ṣì ń rùn, kò rùn tó ti ìjẹta. Mo wo adágún, mo rí i pé bí mo bá tún fi ìgèrè sódò, tí mo sì dúró di ọ̀la, kò ní sí ẹja tí màá torí rẹ̀ dánwò mọ́. Nígbà tó di ọ̀sán, mo fa àpò iyanrìn kan kúrò, ẹyọ kan péré, omi sì ń wọlé díẹ̀díẹ̀.

Gbogbo wọn ló sáré wá sí ojú ọ̀nà omi náà, wọ́n ń la ẹnu sókè. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyí lọ́dọọdún tí ẹ bá ṣí i, tí ẹ máa ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Bàbá Jídé ní bẹ́ẹ̀ náà ni tòun ṣe kí wọ́n tó kú. Láti ọ̀sán ni mo ti ń wo ẹnu wọn, mi ò mọ èwo nínú méjèèjì ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó.

Oòrùn ti ń wọ̀. Màámi wá bá mi, ó sì sọ ohun tí ẹ̀yin máa ń sọ fún wa lóko ní irú àkókò yìí, pé ká máa bọ̀ nílé wá jẹun. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí.

“Ulé yá. Uṣu ti tutù.”

Mi ò dìde. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó jókòó tì mí lórí òkúta yín, ó ń bá àwọn ẹja sọ̀rọ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́, ó ń sọ fún wọn pé òjò ti rọ̀. Wọ́n ṣì ń la ẹnu.

Èmi ni ọmọ yín tó ń ṣọ́ omi, tí kò tíì lè lọ sílé, tí ó sì fẹ́ràn yín títí di àkókò yìí.